Ọmọ tí kò mọ igbó ni yóò ta igbó

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀yin ìyá tí ń ta igi ìdáná àti èédú, láti Kétu dé Ṣábẹ, láti Pòbẹ̀ dé Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin ará wa ní Atakpamé: Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àti ọ̀rọ̀ igbó ni a mú wá lónìí. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní gbangba.

Àwọn baba wa ní: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa ń fi kún un: ọmọ tí a kò mú wọ igbó ni yóò ta igbó. Yóò tà á ní ọ̀pọ̀, yóò sì rò pé òun jèrè.

Kí ni à ń fẹ́? Ohun kan ṣoṣo ni. A fẹ́ kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ wa máa mú àwọn ọmọ jáde. Kí wọ́n lọ wo igbó. Kí wọ́n lọ wo ibi tí wọ́n ti ń gé igi, ibi tí wọ́n ti ń la igi, àti ibi tí wọ́n ti ń tà á. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún mẹ́fà tí ọmọ ń lò ní ilé-ìwé. Ọdọọdún ni, kí ó sì wà nínú iṣẹ́ ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àti ìwé kíkà ti wà níbẹ̀.

OHUN TÍ Ń LỌ LÓJÚ WA

Àjọ FAO, tí ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní gbogbo ayé, ṣírò igbó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní 1990, igbó wa jẹ́ nǹkan bí hẹ́kítà mílíọ̀nù 4,8. Ní 2020, ó ku nǹkan bí mílíọ̀nù 3,1. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Bí a bá pín igbó ọdún 1990 sí ọ̀nà mẹ́ta, ìdá kan ti lọ, ó sì lé. Ọgbọ̀n ọdún péré ni. Olùkọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1990 ti rí gbogbo rẹ̀ lójú ara rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ wo igi àpẹ́pẹ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Bí a bá ṣá a, omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni ó ń yọ. Àwọn Fúlàní ń gé ewé rẹ̀ fún màlúù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi líle ni, kì í sì í tètè dàgbà. Lẹ́yìn 2010, àwọn oníṣòwò ń wá a kiri ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nítorí pé ní ilẹ̀ Ṣáínà wọ́n ń fi irú igi pupa bẹ́ẹ̀ ṣe àga àti tábìlì olówó ńlá. Wọ́n gé e, wọ́n kó o lọ sí èbúté. Ní 2016, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES kọ orúkọ àpẹ́pẹ́ sínú ìwé àwọn igi tí a kò gbọ́dọ̀ tà sí òkè òkun láìsí ìwé àṣẹ. Ní 2022, wọ́n tún ní kí a dá òwò rẹ̀ dúró láti gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó ń hù sí.

Ó dára. Ní Johannesburg, wọ́n mọ̀ pé àpẹ́pẹ́ ń tán. Ilé-ìwé wo ni ó sọ fún ọmọ tí igi náà ń hù lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀? Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá níwájú ilé-ìwé, ó ru igi, eruku ń wọ kíláàsì. Nínú kíláàsì náà, olùkọ́ ń kọ sí pátákó pé: "Igbó wúlò fún ènìyàn." Àwọn ọmọ ń dà á kọ. Wọn kò wo ojú fèrèsé. Bí wọ́n bá wò ó, wọ́n á bá wọn wí.

Ẹ̀yin ará wa, èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ìròyìn kì í tó àfojúbà. Ọmọ tí ó kọ́ igbó nínú ìwé nìkan dà bí ẹni tí ó kọ́ ìlùwẹ̀ẹ́ lórí ẹní.

ỌJỌ́ IGI KÒ TÓ

Àwọn kan yóò sọ pé: "Ṣé a kì í gbin igi ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà?" Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 1985 ni ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ fún igi. Ní Tógò náà, ọjọ́ kan náà ni. Ní 2013, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tún kéde pé ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́wàá, igi mílíọ̀nù mẹ́wàá. A kò sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń ṣe é.

Àwọn ọmọ á tò sí ìlà. Àwọn àlejò pàtàkì á dé. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ní èdè Faransé. Ọ̀gá kan á di igi kékeré mú, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù á gba ilé rẹ̀ lọ. Ìgbà wo ni ilé-ìwé ń ti ìlẹ̀kùn? Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Oṣù keje, oṣù kẹjọ: ta ni yóò ro koríko ìdí rẹ̀? Ta ni yóò lé ewúrẹ́? Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ọyẹ́ ń fẹ́, ta ni yóò bu omi sí i? Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a tún gbẹ́ ihò sí ojú ibi kan náà, a tún gbin igi mìíràn sí i, a tún ya fọ́tò.

Kí ni ọmọ kọ́ níbẹ̀? Ó kọ́ pé iṣẹ́ igi jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan. Irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ a fi ayẹyẹ kọ́ ọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọjọ́ náà ní ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kà. Igi mélòó ni a gbìn ní oṣù kẹfà? Mélòó ni ó kù nígbà tí ilé-ìwé tún ṣí? Mélòó ni ó kù ní oṣù kejì, nígbà tí oòrùn mú? Kí wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ara ògiri ilé-ìwé, kí gbogbo ìlú rí i. Ẹ óò rí i pé ojú á ti àwọn àgbà, igi á sì bẹ̀rẹ̀ sí yè.

IBI MẸ́RIN TÍ Ó YẸ KÍ ỌMỌ DÉ

Èkíní: igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Kí olùkọ́ fi okùn wọn ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10. Kí àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀, kí wọ́n ka irú igi tí ó wà níbẹ̀, ńlá àti kékeré. Kí àgbà kan wà níbẹ̀ tí yóò dárúkọ wọn: ìrókò, apá, ọ̀gánwó, àyìn, èmì, igi ìgbá tí a ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú. Kí ó sọ èyí tí à ń jẹ, èyí tí à ń fi wo àrùn, èyí tí oyin ń fẹ́, èyí tí kòkòrò kì í jẹ.

Èkejì: oko tíkì. Tíkì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Láti ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti wá. Ní Tógò, àwọn Jámánì ti gbìn ín ṣáájú ogun 1914. Ó tètè ń tọ́, ó le, owó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e, kùkùté rẹ̀ ń rú padà. Kí àwọn ọmọ tún fi okùn wọn mítà 10 sí mítà 10 níbẹ̀, kí wọ́n tún ka irú igi. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tú ewé gbígbẹ, kí wọ́n wo ohun tí ń hù lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi iye méjèèjì wéra. Olùkọ́ kò ní láti wàásù. Nọ́ńbà yóò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Oko tíkì kan náà yóò kọ́ wọn ní ìṣirò. Hẹ́kítà kan jẹ́ mítà 100 ní gígùn, mítà 100 ní fífẹ̀. Bí a bá gbin igi kan ní mítà 2 sí èkejì, igi 2.500 ni yóò wọ hẹ́kítà kan. Bí a bá gbìn ín ní mítà 3 sí ara wọn, ó lé díẹ̀ ní 1.100. Kí ni ó dé tí àwọn kan ń gbìn ín pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n sì ń gé díẹ̀ kúrò bí ó ti ń dàgbà? Kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni oko. Bí kùkùté tíkì bá wà níbẹ̀, kí wọ́n ka ìlà yíyípo tí ó wà lójú rẹ̀, nítorí tíkì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi ilẹ̀ olóoru tí ìlà ọdún rẹ̀ hàn dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò rí i pé igi tí wọ́n gé ní ìṣẹ́jú márùn-ún ju òun lọ ní ọjọ́ orí.

Ibi kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ dé kí ó tó kúrò ní ilé-ìwé, bí ọ̀nà rẹ̀ kò bá jìn jù. Igbó Lama ni, láàárín Aláàdá àti Agbómẹ̀. Ní 1946 ni ìjọba àwọn Faransé fi í sábẹ́ òfin, hẹ́kítà 16.250. Àwọn àgbẹ̀ dá oko nínú rẹ̀, igbó ń dín kù. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n fi nǹkan bí hẹ́kítà 4.800 sílẹ̀ ní àárín gẹ́gẹ́ bí igbó àdánidá, wọ́n sì gbin tíkì yí i ká. Àwọn ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá dúró sí etí igbó náà yóò rí ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan: igbó tí a dáàbò bò, igi tí a gbìn fún títà, àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí ilẹ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ìwé wo ni ó tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀kẹta: ibi tí wọ́n ti ń gé igi, àti ilé ìlagi. Kí ọmọ rí bí igi ṣe ń ṣubú, láti òkèèrè. Kí ó rí igi kékeré mélòó ni igi ńlá wó lulẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó wo bí igi ṣe ń di pákó. Ẹ̀rọ ìgégi tí a ń fi ọwọ́ mú ń jẹ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 nínú igi nígbàkigbà tí ó bá là á kọjá. Ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti ilé ìlagi ń jẹ nǹkan bí mìlímítà 3. Bí a bá là á ní ìgbà 10, ẹ̀rọ ọwọ́ ti jẹ sẹ̀ǹtímítà 10, ayùn ilé ìlagi ti jẹ 3. Sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn tó pákó mẹ́rin tí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀. Pákó mẹ́rin ti di ìyẹ̀fun igi nílẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ kò ní gbàgbé títí láé pé ọ̀nà tí a gbà la igi lè gba igi là tàbí kí ó fi ṣòfò.

Ẹ̀kẹrin: ọjà. Kí wọ́n dé ìsọ̀ onípákó, kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, kí wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ti ń di èédú sínú àpò. Láti agbègbè Ṣábẹ ni ọ̀pọ̀ èédú ti ń lọ sí Kútọnu. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń sun ún. Bí a bá fi erùpẹ̀ bo igi kí a tó sun ún, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é ní abúlé, igi kílò 100 sábà máa ń fúnni ní èédú kílò 10 sí kílò 20, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó mọ èyí yóò fi ojú mìíràn wo àpò èédú kan lẹ́bàá ọ̀nà. Yóò rí igi tí kò sí nínú àpò náà mọ́.

OKÙN ONÍṢÒWÒ ÀTI OKÙN ỌMỌ ILÉ-ÌWÉ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àpò wa, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn tí ń ra igi ti ń lò tipẹ́ láti wọn ìtì igi. Wọ́n á fi okùn yí igi ká. Wọ́n á ṣẹ́ okùn náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Wọ́n á fi ìdá kan nínú mẹ́rin náà ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà pẹ̀lú gígùn igi. Ẹ jẹ́ kí a mú ìtì igi kan tí yíká rẹ̀ jẹ́ mítà 2, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3. Ìdá mẹ́rin mítà 2 jẹ́ 0,50. 0,50 lọ́nà 0,50 lọ́nà 3 jẹ́ 0,75. Oníṣòwò á ní: "Igi yìí kò tó mítà kúbù kan. 0,75 ni. Owó rẹ nìyí."

Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n bí ó ti rí gan-an. Yíká lọ́nà yíká: 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4. Fi gígùn kún un: 4 lọ́nà 3 jẹ́ 12. Pín in sí 12,57. Ó jẹ́ 0,95. Igi tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ 0,95. Wọ́n sanwó 0,75. Ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún tí ó wọ inú ọkọ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n á ní èèpo igi àti etí igi tí a ń gé sọnù ni àwọn yọ kúrò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ń tà bá mọ̀, tí ó sì gbà, òwò ni. Bí ẹni tí ń tà kò bá mọ̀, orúkọ mìíràn ni à ń pè é. Ọmọ tí ó ti kọ́ ìṣirò òbìrìkìtì nínú kíláàsì mọ gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ láti gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ okùn yìí. Kí ni kò ní? Kò tíì fi okùn yí igi ká rí. Ìṣirò wà lórí rẹ̀, igi wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìrìn àjò sínú igbó jẹ́ eré, ẹ dá wa lóhùn: iye owó wo ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí nítorí pé ilé-ìwé kò jáde síta?

ÌDÁHÙN FÚN ÀWỌN TÍ Ń TAKÒ WÁ

Wọ́n ní: "Kò sí àyè. Ìdánwò ń bọ̀." Ìdánwò wo ni kò ní ìṣirò? Ìdánwò wo ni kò ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ohun tí ń hù lórí rẹ̀? Ọmọ tí ó bá wọn igi ti ṣe ìṣirò. Ọmọ tí ó bá kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ti kọ àròkọ. Ẹ fún igi gíga ní àpẹẹrẹ: kí ọmọ di igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú tí ó gùn tó apá rẹ̀, kí ó nà án sókè ní ìparí apá, kí ó máa rìn sẹ́yìn títí igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò fi bo igi ńlá láti ìdí dé orí. Iye ìwọ̀n tí ó wà láàárín òun àti igi ni gíga igi náà. Ẹ̀kọ́ wákàtí kan nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹfun kọ́ ọ dáadáa bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní: "Ó léwu." Òótọ́ ni. Nítorí náà ni a fi ní kí àgbà darí rẹ̀. Ẹni tí ń wo igi tí ń ṣubú gbọ́dọ̀ dúró jìnnà tó ìlọ́po méjì gíga igi náà, ó kéré tán. Ní ilé ìlagi, kí a na okùn, kí ọmọ kankan má kọjá okùn náà nígbà tí ayùn ń yí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé: àwọn ọmọ kan tí ó kúrò ní ilé-ìwé ti ń di ẹ̀rọ ìgégi mú láìsí bàtà, láìsí ohun tí ó bo ojú tàbí etí wọn. Èwo ni ó léwu jù, kí ọmọ wo iṣẹ́ náà pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀, tàbí kí ó kọ́ ọ fúnra rẹ̀ ní ikọ̀kọ̀?

Wọ́n ní: "Kò sí owó." Igbó tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé kò gba owó ọkọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú kò ní gba owó. Ọ̀nà jíjìn nìkan ni ó ń béèrè owó, kọmúnù sì lè rí ìyẹn. Igi tí wọ́n gé ní ilẹ̀ wa ń mú owó wọ àpò ìjọba. Ṣé ó pọ̀ jù kí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọmọ?

Àwọn òbí kan ní: "Oko ilé-ìwé ìgbà àyípadà ni ẹ fẹ́ dá padà." Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Lẹ́yìn òfin ilé-ìwé titun ti 1975, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní oko àti iṣẹ́ ọwọ́. Èrò tí ó wà nínú rẹ̀ kò burú: kí ilé-ìwé má ya ara rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ ń roko, kò sì kọ́ ohunkóhun nípa oko. Àwọn òbí bínú, wọ́n sì jàre. Ohun tí à ń sọ yàtọ̀. A kò ní kí ọmọ gé igi, a kò ní kí ó ru pákó, a kò ní kí ó sun èédú. A ní kí ó wò, kí ó wọ̀n, kí ó béèrè, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá sọ ìrìn àjò yìí di iṣẹ́ oko fún ara rẹ̀, kí ìlú bá a wí.

Àwọn àgbà kan ní: "Igbó òrìṣà ńkọ́? Igbó Orò ńkọ́?" Ìbéèrè rere ni. Àwọn igbó wọ̀nyí wà lára èyí tí ó dúró jùlọ ní ilẹ̀ wa, nítorí pé èèwọ̀ ṣọ́ wọn. Ní 2012, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi ìwé òfin mọ̀ wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má mú ọmọ wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀. Kí a dúró ní etí igbó, kí àwọn tí ó ni ín wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n sọ èyí tí ó ṣeé sọ, kí wọ́n sì fi èyí tí kò ṣeé sọ pamọ́. Ọmọ yóò kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ó tóbi: pé àwọn baba wa ti mọ bí a ti ń fi igbó sílẹ̀ kí òfin tó dé.

KÍ A MÁ GBA ÌRÌN ÀJÒ OLÓJÚ KAN

Ewu kan wà tí ó ju ewu ayùn lọ. Bí a bá gbà pé kí àwọn ọmọ jáde, àwọn kan yóò fẹ́ ṣe olùdarí wọn. Oníṣòwò igi yóò fẹ́ fi ẹ̀rọ titun hàn wọ́n, yóò pín bisikíìtì, kò sì ní mú wọn dé ibi tí igbó ti di pápá. Ẹlòmíràn tí ó ní òun fẹ́ràn igbó yóò mú wọn dé ìdí kùkùté kan ṣoṣo, yóò ní kí wọ́n sunkún, kò sì ní sọ fún wọn pé àga tí wọ́n jókòó lé ní kíláàsì, igi ni. Àwọn méjèèjì ń fi ìdajì òtítọ́ tan ọmọ jẹ.

A ń kọ́lé pẹ̀lú igi. A ń dáná pẹ̀lú igi. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi igi bọ́ ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ní kí a má gé igi mọ́. Ohun tí ó kù ni pé kí a mọ èyí tí a lè gé, iye tí a lè gé, ẹni tí ó jèrè, àti ẹni tí yóò gbin òmíràn. Nítorí náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìbéèrè márùn-ún lọ, kí ó sì béèrè wọn níbi gbogbo, lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn:

1. Kí ni orúkọ igi yìí ní èdè wa?
2. Ọdún mélòó ni ó lò kí ó tó tóbi báyìí?
3. Ta ni ó fún yín ní àṣẹ láti gé e? Níbo ni ìwé àṣẹ náà wà?
4. Èló ni ẹni tí ó ni ilẹ̀ gbà, èló sì ni ẹni tí ó rà á kẹ́yìn san?
5. Kí ni ó ń hù ní ojú ibi tí ẹ ti gé e?

Ìbéèrè kẹta kì í ṣe àfojúdi. Ní 1993 ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin igbó, tí ó fi gígé igi sábẹ́ àṣẹ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní bínú sí ọmọdé tí ó béèrè. Ẹni tí ó bá bínú ti dáhùn.

Èdè wa ni kí wọ́n fi ṣe é. Aṣọ́gbó ìjọba lè mọ orúkọ igi ní èdè Faransé. Ọdẹ mọ̀ ọ́n ní èdè wa, ó sì mọ ẹranko tí ń jẹ èso rẹ̀. Ìyá tí ń ṣe òróró èmí mọ ọdún tí igi náà so dáadáa àti ọdún tí kò so. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi àtàǹpàkò kan pákó, ó ti mọ̀ bóyá àyà igi ni tàbí ara funfun tí ó wà lẹ́bàá èèpo, tí ikán yóò jẹ. Gbogbo àwọn wọ̀nyí jẹ́ olùkọ́, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n bá dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí olùkọ́ jókòó tí ó ń gbọ́, ni àwọn ọmọ yóò mọ̀ pé ìmọ̀ wà ní ilé àwọn náà.

IṢẸ́ OLÚKÚLÙKÙ

Ẹ̀yin olùkọ́: ẹ má dúró de ìwé láti Kútọnu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú okùn kan àti igbó tí ó sún mọ́ yín.

Ẹ̀yin òbí: ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ. Nígbà tí ó bá dé, ẹ bi í pé kí ni ó rí. Bí ó bá sọ pé okùn oníṣòwò kúrú, ẹ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin aṣọ́gbó ìjọba: ẹ ṣí ilẹ̀kùn igbó fún àwọn ọmọ bí ẹ ti ń ṣí i fún ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń la igi, tí ẹ sì ń tà á: bí iṣẹ́ yín bá dára, ẹ jẹ́ kí ọmọdé wò ó.

Ẹ̀yin olórí kọmúnù: ẹ dín owó ayẹyẹ ọjọ́ igi kù, kí ẹ fi èyí tí ó kù gbé àwọn ọmọ lọ wo igi.

Láti kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ. Ẹni tí kò bá mú un wọ igbó nígbà tí ó wà ní ọdún mẹ́wàá, kí ó má bá a jà nígbà tí ó bá fi ogún ọdún dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi.

Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán, kí ó kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.